Òkèèrè ni Olójú Jínjìn Ti Ń Mẹ́kún Sun: Alátọ̀gbẹ àti Àyẹ̀wò Ojú ní Lọ́kọ́ja

Nínú gbogbo ẹ̀yà ara tí Ẹlẹ́dàá fi jíǹkí ọmọ ènìyàn, ojú ni àwọn àgbà fi jọba. Síbẹ̀, bí àrùn àtọ̀gbẹ bá mú ènìyàn, ojú yìí gan-an ni ó máa ń gbẹ̀yìn nínú ohun tí a ń bójú tó. A óò yẹ ìtọ̀ wò, a óò gún ìka láti mọ ìwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, a óò di apá láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń ru, a óò tilẹ̀ yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò bóyá egbò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ojú, níbi tí àrùn náà ti ń ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀ láìpariwo, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò ó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú bá wọn lọ́sàn-án gangan.

Bóyá orúkọ tí a fún àrùn náà wà lára ohun tí ó fà á. Àwọn kan ń pè é ní ìtọ̀ ṣúgà, àwọn mìíràn ń pè é ní àtọ̀gbẹ. Ìtọ̀ ni orúkọ méjèèjì ń tọ́ka sí. Ta ni yóò gbọ́ orúkọ ìtọ̀ tí ọkàn rẹ̀ yóò lọ sí ojú?

Àrùn náà kì í sì í ṣe ti ènìyàn kéréje mọ́. Àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀ràn àtọ̀gbẹ ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2024 pé àwọn àgbàlagbà tí ó ní in káàkiri ayé tó mílíọ̀nù 589. Ní ilẹ̀ wa níbí, àkójọ ìwádìí tí àwọn dókítà tẹ̀ jáde ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ Nàìjíríà tí a yẹ̀ wò, àwọn tí ó ní in fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́fà. Èyí tí ó kan ojú gan-an ni ti ìwádìí ńlá tí a ṣe lórí ìfọ́jú jákèjádò orílẹ̀-èdè yìí láàárín ọdún 2005 sí 2007, nígbà tí a yẹ ojú àwọn ènìyàn tí ó lé ní 13,000 wò, tí gbogbo wọn ti pé ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ láàárín wọn, ó lé ní ẹnì kan nínú mẹ́wàá tí àrùn náà ti ba ẹ̀yìn ojú rẹ̀ jẹ́ dé ìwọ̀n tí ó lè fọ́ ọ lójú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yé ara wa lórí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ojú. Ní ẹ̀yìn inú ẹyin ojú ni awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí, gẹ́gẹ́ bí fíìmù ti máa ń wà nínú kámẹ́rà àtijọ́. Awọ yìí ni ó ń gba àwòrán, tí ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ́ ọ kéré púpọ̀. Nígbà tí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, ara àwọn iṣan wọ̀nyí a máa rọ. Àwọn kan a wú, wọn a máa jò. Àwọn mìíràn a dí pátápátá. Nígbà tí oúnjẹ kò bá dé ibi tí ó yẹ mọ́, ojú a fi ìkánjú hu iṣan tuntun, ṣùgbọ́n iṣan ìkánjú ni, kò lágbára, ìgbàkigbà ni ó lè bẹ́. Ẹ̀jẹ̀ a dà sínú ojú, àpá a hù níbẹ̀, àpá náà a sì máa fa awọ ẹ̀yìn ojú títí yóò fi ṣí kúrò ní ààyè rẹ̀. Ohun tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé nǹkan bí ìdajì ìrìn àjò yìí, olójú lè máa ka Bíbélì tàbí Kùránì rẹ̀ láìsí ìdíwọ́ kankan. Kò ní dùn ún. Kò ní yún un. Ojú náà kò ní pọ́n.

Láti ọdún 1851 tí ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Hermann von Helmholtz, ti fi ohun èlò tí a fi ń wo inú ojú han aráyé, dókítà ti lè rí ohun tí olójú fúnra rẹ̀ kò lè rí. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi sọ pé ọjọ́ tí a bá ti sọ fún àgbàlagbà pé irú àtọ̀gbẹ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ, èyí tí a ń pè ní irú kejì, ti mú un, ni kí ó ti lọ fi ojú hàn, nítorí pé àrùn náà lè ti wà lára rẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí a tó mọ̀. Lẹ́yìn náà kí ó máa lọ lọ́dọọdún. Ní ti irú kìíní, èyí tí ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́mọdé, kí ọdún márùn-ún má kọjá kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà rọrùn láti sọ. Ẹ wá wo bí ó ti rí ní Lọ́kọ́ja wa yìí. Ìlú ìpàdé omi ni, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti dì mọ́ra; ìlú ìpàdé ọ̀nà ni, tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù tí ń ti Òkè Ọya bọ̀ wá sí gúúsù ń gbà kọjá; ìlú ìpàdé èdè sì ni pẹ̀lú, tí Ọ̀wọ́rọ̀, Nupe, Hausa, Igala, Ebira àti àwa Okun jọ ń gbé pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìyá kan tí ń ta ẹja létí odò, tí ó ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ fún ọdún méje. Ojú rẹ̀ ń ríran. Ó ń ka owó, ó mọ ẹja tútù yàtọ̀ sí èyí tí ó ti sùn, ó ń dá oníbàárà mọ̀ láti òkèèrè. Bí ọmọ rẹ̀ bá wí fún un pé, “Màmá, ẹ jẹ́ kí á lọ fi ojú yín han dókítà,” ẹ mọ èsì tí yóò fọ̀: “Kí ni ojú mi ṣe ọ́? Ṣé o rí i tí mo kọsẹ̀ ni?” Kò sí àìgbọ́n nínú èsì yìí. Gbogbo ohun tí ìyá náà ti mọ̀ nípa àìsàn láti kékeré ni pé ibi tí ó bá ń dun ènìyàn ni a ń tọ́jú. Owó tí a fi wo ojú tí kò dunni, lójú tirẹ̀, kò yàtọ̀ sí owó tí a jù sínú Odò Ọya.

Ohun kan tún wà tí ó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú rú, èyí ni ọ̀ràn awò ojú. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ alátọ̀gbẹ pé ṣé ó ti ṣe àyẹ̀wò ojú, púpọ̀ nínú wọn yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti fún òun ní jígí. Ètò Jígí Bọ́lá tí ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ nígbà tí Bọ́lá Tinúbú jẹ́ gómìnà níbẹ̀, tí ìjọba àpapọ̀ sì tún gbé dìde ní ọdún 2024 pẹ̀lú ìlérí awò ojú mílíọ̀nù márùn-ún, jẹ́ ohun ìyìn, nítorí ẹni tí kò lè ka ìwé tẹ́lẹ̀ a tún rí i kà. Ṣùgbọ́n kíka lẹ́tà tí a lẹ̀ mọ́ ògiri jẹ́ nǹkan kan, wíwo ẹ̀yìn inú ojú jẹ́ nǹkan mìíràn. Ènìyàn lè ka ìlà tí ó kéré jù lọ lára ògiri kí iṣan tí ó fẹ́ bẹ́ sì wà ní ẹ̀yìn ojú rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an. Àrùn náà tilẹ̀ tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Nígbà tí ṣúgà bá gòkè, jígí tí Ẹlẹ́dàá fi sínú ojú a máa wú, ìran a ṣú. Bí oògùn bá mú ṣúgà wálẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ìran a tún mọ́. Ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí a ra awò ojú ní ibùdókọ̀, a sì gbà pé awò náà ni ó wo òun sàn, tàbí kí ó sọ pé ojú òun ti padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀, kí ni òun tún ń wá lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà?

Ọ̀rọ̀ owó náà kò ṣeé fi pamọ́. Láti ọdún 2023 tí owó náírà ti já wálẹ̀ gidigidi, iye tí a ń ra oògùn àti abẹ́rẹ́ ìnsúlínì ti ga ju bí ọ̀pọ̀ apá ti lè ká a lọ. Ẹni tí ó ń lo oògùn lónìí tí ó sì ń fo ọ̀la kí oògùn náà lè tọ́jọ́, ẹ̀rín ni yóò fi gbà yín bí ẹ bá ní kí ó tún san owó àyẹ̀wò ojú. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó wà nínú ètò adójútòfò ìlera rí ibi fẹ̀yìn tì díẹ̀. Òfin tí a fọwọ́ sí ní ọdún 2022 sọ ètò náà di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà, ṣùgbọ́n láàárín àwọn tí ń ta ẹja, tí ń tukọ̀, tí ń kọ́lé, ọ̀pọ̀ jù lọ ṣì ń fi owó àpò wọn gba ìtọ́jú.

Owó tí a san ní ilé ìwòsàn sì lè má jẹ́ èyí tí ó wúwo jù lọ. Ẹ jẹ́ kí a ka ọjọ́ náà láti òwúrọ̀. Kí dókítà tó lè wo ẹ̀yìn ojú dáadáa, wọ́n níláti kán oògùn kan sí ojú tí yóò mú kí ọmọlójú ṣí sílẹ̀ gbayawu. Oògùn náà yóò gba bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n kí ó tó mú, bí wọ́n bá sì ti wo ojú tán, yóò tó wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà kí ọmọlójú tó padà sí bí ó ti wà. Láàárín wákàtí wọ̀nyí, ohun tí ó súnmọ́ni kò ní hàn ketekete, oòrùn yóò sì máa ta sí ojú bí abẹ́rẹ́. Àwa tí a ń gbé Lọ́kọ́ja mọ irú oòrùn tí à ń sọ. Ọlọ́kadà kò gbọdọ̀ gun alùpùpù rẹ̀ lọ sílé. Aránṣọ kò lè fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ náà. Ìyá ẹlẹ́ja kò lè mọ náírà igba yàtọ̀ sí ẹgbẹ̀rún láìfi í súnmọ́ imú, àwọn tí ń ra ọjà kò sì ṣe aláìmọ̀ bẹ́ẹ̀. A ó níláti wá ẹni tí yóò mú un lọ tí yóò sì mú un bọ̀, èyí túmọ̀ sí pé ọmọ kan yóò pa ilé ìwé tàbí iṣẹ́ jẹ. Bí ó bá ti Kàbbà, Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ̀ wá, ẹ fi owó ọkọ̀ ẹni méjì kún un, ẹ sì fi oorun ọjọ́ kan ní ilé ẹbí kún un. Nígbà tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ṣòro láti bá ẹni tí ó sọ pé “ó di ọdún tí ń bọ̀” wíjọ́.

Ètò inú ilé ìwòsàn náà ní ẹ̀bi tirẹ̀, èyí kò sì mọ sí Lọ́kọ́ja nìkan. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ńlá wa, ibi tí a ti ń tọ́jú àtọ̀gbẹ wà ní ilé kan, ibi tí a ti ń wo ojú wà ní òmíràn. Káàdì yàtọ̀, ìlà yàtọ̀, ọjọ́ yàtọ̀. Dókítà àtọ̀gbẹ tí ogójì ènìyàn ń dúró dè lẹ́nu ọ̀nà a rántí ṣúgà, a rántí ẹ̀jẹ̀ ríru, a rántí ẹsẹ̀. Bí ó bá rántí ojú, a wí i kíákíá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé kí aláìsàn “lọ rí àwọn ará ibi ojú”. Aláìsàn a dúpẹ́, a sì lọ sílé. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ojú tí kò dun ènìyàn ni a fẹ́ wò, kí ni a sì fẹ́ wò níbẹ̀. Ní ìlú tí èdè pọ̀ tó báyìí, ọ̀rọ̀ tí a kò fi èdè aláìsàn sọ dà bí ọ̀rọ̀ tí a kò sọ rárá. Lójú tèmi, gbólóhùn márùn-ún ní èdè Okun, ní Igala tàbí ní Ebira láti ẹnu nọ́ọ̀sì tí ó fara balẹ̀ níye lórí ju ìwé àlẹ̀mógiri mẹ́wàá lọ.

Ẹ̀rù náà ń bẹ, ó sì ní ìtàn tirẹ̀ tí ó yẹ kí a tú síwẹ́wẹ́. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ọ rí pé, “Ẹ̀gbọ́n lágbájá ṣì ń ríran díẹ̀díẹ̀ kí ó tó lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ojú, ìgbà tí wọ́n tan iná sí i lójú ni ó fọ́ pátápátá.” Iná tí wọ́n ń wí ni ìtànṣán lésà. Ní ọdún 1976 ni ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé lésà ń dín ewu ìfọ́jú burúkú kù ju ìdajì lọ fún àwọn tí iṣan eléwu ti hù nínú ojú wọn. Lónìí a tún ní abẹ́rẹ́ tí a ń gún sínú ẹyin ojú, tí ó ń dá jíjò àwọn iṣan náà dúró. Gbígbọ́ rẹ̀ nìkan tó láti mú kí ènìyàn sá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ lésà ni láti ṣọ́ ìran tí ó kù, ó ṣọ̀wọ́n kí ó dá èyí tí ó ti lọ padà. Ẹni tí ó bá dé nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ti kún ojú, tí àpá ti ń fa awọ, ojú rẹ̀ lè fọ́ bí a tilẹ̀ tọ́jú rẹ̀, àwọn ará ilé a sì sọ pé ìtọ́jú ni ó fọ́ ọ. Ẹni tí ó dé ní kùtùkùtù, tí a tọ́jú, tí ó sì ń ríran lọ, kò ní ìtàn kankan láti sọ. Bí ó ti ń ríran tẹ́lẹ̀ ni ó ṣe ń ríran. Báyìí ni ìròyìn burúkú fi ń rìn ká ọjà tí ìròyìn rere sì ń jókòó sílé. Àìtètèdé ń bí ẹ̀rù, ẹ̀rù náà ń bí àìtètèdé mìíràn.

Awakọ̀ ní ẹ̀rù tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tí ń wa ọkọ̀ akérò láti Lọ́kọ́ja sí Àbújá mọ̀ pé bí dókítà bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú òun kò dára mọ́, oúnjẹ ọmọ ti bọ́ nìyẹn. Nítorí náà kò ní lọ, yóò sì máa wakọ̀ lóru.

Ní ti àwọn tí ń kán omi ewé, omi ṣúgà tàbí ìtọ̀ pàápàá sí ojú, a kò ní pẹ́ lórí wọn. Ohunkóhun tí a bá kán síwájú ojú báyìí kò dé ẹ̀yìn ojú níbi tí àrùn wà, ó sì lè fi egbò kún ìṣòro náà.

Síbẹ̀ àwọn kan ń lọ, tí wọn kì í sì í pa ọdún kan jẹ. Ó yẹ kí a béèrè ohun tí ó mú tiwọn yàtọ̀, nítorí pé gbogbo wọn kọ́ ni olówó tàbí ọ̀mọ̀wé. Ẹnì kan wà lẹ́yìn púpọ̀ nínú wọn: ọmọ tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, aya tí ó mọ ọjọ́, tàbí dókítà tí ó kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka ojú tí ó sì béèrè èsì rẹ̀ nígbà tí aláìsàn padà wá. Àwọn mìíràn ti rí aládùúgbò tí ọmọdé ń fi ọ̀pá fà kiri. Àwọn mìíràn sì wà tí dókítà fi àwòrán ẹ̀yìn ojú tiwọn hàn wọ́n lójúkojú, tí wọ́n rí àwọn àmì pupa tíntìntín níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ojú tí kò dùn wọ́n ti di ojú tí wọ́n ń ṣọ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Peckham kò níláti fi orí ara wọn rántí. Láti ọdún 2003 ni ìjọba ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò yíya àwòrán ẹ̀yìn ojú fún gbogbo alátọ̀gbẹ tí ó ti pé ọmọ ọdún 12, lẹ́tà ni a sì fi ń pè wọ́n. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ àkọsílẹ̀ ọdún 2009 sí 2010 wò, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2014 pé, fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín nǹkan bí àádọ́ta ọdún, ìbàjẹ́ tí àtọ̀gbẹ ń ṣe sí ẹ̀yìn ojú kọ́ ni olórí ohun tí ń fọ́ ojú àwọn tí ó wà ní ọjọ́ orí iṣẹ́ ní England àti Wales mọ́. Láti ọdún 2023, àwọn tí a yẹ̀ wò léraléra tí a kò rí nǹkan kan lójú wọn ti ń lọ lẹ́ẹ̀kan ní ọdún méjì níbẹ̀. Àwọn kan ṣì ń fi lẹ́tà náà sábẹ́ ìrọ̀rí o, ènìyàn ni ènìyàn níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lọ, a mọ̀ pé kò lọ.

Lẹ́tà kò ní ṣiṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja. Ilé mélòó ni ó ní nọ́ńbà tí a mọ̀? Ọdún 2012 àti 2022 tí omi ya wọ ìlú, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Adankolo àti ní ọ̀nà Ganaja kó ẹrù lórí sá kúrò nílé, ọ̀sẹ̀ tí omi bá sì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tí ènìyàn ń rántí ọjọ́ tí dókítà dá. Fóònù ni ó kù, bí a bá gba nọ́ńbà aláìsàn àti ti ọmọ rẹ̀ kan pọ̀. Èyí tí ó dára jù ni kí kámẹ́rà tí ń ya ẹ̀yìn ojú wà ní ibi tí alátọ̀gbẹ ti ń gba oògùn gan-an, kí nọ́ọ̀sì tí a kọ́ ní iṣẹ́ náà ya àwòrán ní ọjọ́ kan náà tí a wọn ṣúgà, kí dókítà ojú sì wo àwòrán náà lẹ́yìn. Owó kámẹ́rà kì í ṣe owó kékeré. Àwọn tí ń ṣe ètò ìnáwó ìlera ní ìpínlẹ̀ Kogí àti ní Àbújá lè fi í wé owó tí ìdílé ń pàdánù nígbà tí baálé bá fọ́jú ní ẹni àádọ́ta ọdún.

Kí kámẹ́rà náà tó dé, ẹ̀ka ojú wà ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Lọ́kọ́ja, èyí tí ọ̀pọ̀ ṣì ń fi orúkọ àtijọ́ pè ní FMC. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń rí alátọ̀gbẹ, kí ẹ sì gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà tí ń tọ́jú yín. Ẹ sọ ọ́ kedere níbẹ̀ pé ẹ̀yìn ojú ni ẹ fẹ́ kí a wò, kì í ṣe jígí ni ẹ wá gbà. Ẹ mú ẹnì kan lọ́wọ́, ẹ mú awò ojú dúdú tàbí fìlà etí gbòòrò, ẹ mú oúnjẹ àti oògùn yín, ẹ má sì gun alùpùpù. Bí ẹ bá ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ mọ́ ṣúgà, iṣẹ́ ojú ni ẹ ń ṣe pẹ̀lú. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1998 fi hàn pé ṣíṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru gírígírí dín bíbàjẹ́ ẹ̀yìn ojú kù ní ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn alátọ̀gbẹ tí ó ní in. Aboyún tí ó ti ní àtọ̀gbẹ kí ó tó lóyún kò gbọdọ̀ dúró de ọdún kankan. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kí ó ti lọ, nítorí pé oyún lè mú kí àrùn náà sáré nínú ojú, kí àwọn dókítà sì tún wò ó kí ó tó bímọ.